Kí ló dé tí WAEC nìkan kì í gbé ọmọ wọ yunifásítì ní Ìlú Ọba?

Ọdún mẹ́ta ni ọmọ England fi ń ka ìwé gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì. Tiwa ní Nàìjíríà, mẹ́rin ni, bí ìyanṣẹ́lódì kò bá sọ ọ́ di márùn-ún tàbí mẹ́fà. Òbí tó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí máa ń yọ̀, ó ti rò ó pé owó ọdún kan ti yẹ̀ lórí òun. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká béèrè ibi tí ọdún kan yẹn gbà lọ. Ibẹ̀ ni wàhálà àwọn tó ń wá àyè sí yunifásítì Ìlú Ọba láti ilé wa ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ọdún náà kò sọnù, ilé ìwé gírámà ni wọ́n ti kà á. Ọmọ England máa ń ṣe ìdánwò GCSE nígbà tó bá pé ọmọ ọdún 16. Lẹ́yìn náà, yóò tún fi ọdún méjì gbáko ka iṣẹ́ mẹ́ta péré, èyí tí wọ́n ń pè ní A-level, kí yunifásítì tó gbà á ní ọmọ ọdún 18. Púpọ̀ nínú ohun tí olùkọ́ ń kọ́ wọn ní kẹ́mísírì àti ìṣirò lọ́dún kejì A-level, 100 level ni ọmọ tiwa ti ń bá a pàdé ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀. Nítorí náà, tí yunifásítì kan ní Manchester tàbí Leeds bá gbé èsì WAEC ọmọ yín wò, GCSE ló rí. Kò sọ pé ọmọ náà kò mọ̀wé. Ohun tó ń wí ni pé àtẹ̀gùn kan ṣì kù tí kò tíì gùn.

Mo máa ń bá àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kún fọ́ọ̀mù yìí, kò sì sí ọdún tí n kì í gbọ́ ọ: "A1 mẹ́fà lọmọ mi gbà, ẹ wá ní kò tó?" Inú á bí wọn, wọ́n á ní àwọn òyìnbó ń ṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Èmi á ní kí wọ́n pe bàbá wọn lórí fóònù kí wọ́n bi í. Àwọn àgbà wa mọ ìtàn yìí dáadáa. Nígbà tiwọn, fọ́ọ̀mù kìíní dé ìkarùn-ún ni wọ́n fi ṣe ìwé mẹ́wàá, ẹni tó bá sì ń fojú sọ́nà fún yunifásítì á tún lọ ṣe HSC fún ọdún méjì kó tó wọlé lọ lo mẹ́ta. Ìlànà Ìlú Ọba gan-an nìyẹn, ọwọ́ wọn la ti gbà á. Ọdún 1977 ni ìjọba àpapọ̀ kọ 6-3-3-4 sínú ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè, ọdún 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, HSC sì wábi gbà. Àwa la gbé ẹrù HSC kúrò ní ilé ìwé gírámà, tí a gbé e ka orí yunifásítì. Ìlú Ọba kò gbé tiwọn kúrò níbi tó wà.

Báwo wá ni ọmọ ṣe lè gun àtẹ̀gùn tó kù yẹn? Èyí tí àwọn ẹ́jẹ́ǹtì máa ń kọ́kọ́ fà yọ ni foundation: ọdún kan ní Ìlú Ọba fúnra rẹ̀, nínú yunifásítì tàbí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń bá a ṣiṣẹ́ pọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ á wá bẹ̀rẹ̀ ọdún kìíní. Kò burú, kò sì le. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ó wò: ọdún mẹ́ta yẹn ti padà di mẹ́rin, pọ́n-ùn ni ẹ ó sì fi san ọdún tí ẹ lè fi náírà san nílé. Yàtọ̀ sí èyí, foundation kò tíì tó ẹ̀kọ́ oyè lójú àwọn ará físà. Ọmọ tó bá gba físà fún un lọ́tọ̀ kò ní í lè ṣiṣẹ́ ju wákàtí 10 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ìwé bá ń lọ lọ́wọ́, nígbà tí ẹni tó ń ka oyè lè ṣe 20.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni kí ọmọ gun àtẹ̀gùn náà nílé. Ó lè ṣe A-level ti Cambridge, àwọn ilé ìwé tó ń kọ́ ọ wà ní Èkó àti Abuja, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wọn kì í ṣe kékeré. JUPEB wà, ètò ẹ̀kọ́ àti ìdánwò kan tó dà bí A-level, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2014, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Yunifásítì Èkó. IJMB tó jọ ọ́ náà wà, ABU ní Zaria ló ń mójú tó o. Èyí tí àwọn èèyàn kì í sì í rò rárá ni 100 level fúnra rẹ̀. Yunifásítì púpọ̀ lọ́hùn-ún máa ń gba ọmọ tó bá fi èsì tó dára parí ọdún kìíní ní yunifásítì tó lórúkọ ní Nàìjíríà, wọ́n á fi sí ọdún kìíní tiwọn. Mo ti rí òbí tó yọ ọmọ kúrò ní 100 level láàárín sáà nítorí àtirìnrìn-àjò, kó lọ san owó foundation. Bí wọ́n bá ní sùúrù oṣù mẹ́rin sí i, tránsíkíríìpùtì ọmọ yẹn ì bá ti ṣe iṣẹ́ kan náà.

Kò sí òfin kan ṣoṣo tó de gbogbo yunifásítì lórí èyí o. Àwọn kan ń gba JUPEB, àwọn mìíràn kò kà á sí. Àwọn díẹ̀ tilẹ̀ ń gba ọmọ pẹ̀lú èsì WAEC tó mọ́lẹ̀ dáadáa láìbéèrè nǹkan mìíràn. Scotland náà tún yàtọ̀ sí England, ọdún mẹ́rin ni oyè tiwọn bíi tiwa. Ojú ewé kan wà lórí íkànnì ọ̀pọ̀ yunifásítì lọ́hùn-ún tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá Nàìjíríà níbẹ̀, ẹ kà á fúnra yín. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kì í ṣe ohun tí ọmọ ẹ̀gbọ́n aládùúgbò yín sọ.

Ó yá, ọ̀rọ̀ UCAS. Ilé iṣẹ́ tó ń gba fọ́ọ̀mù fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yunifásítì Ìlú Ọba ni, Cheltenham ni wọ́n wà. Ẹ máa wò ó bíi JAMB tí kò ní ìdánwò. Fọ́ọ̀mù kan, owó kan, ilé ìwé márùn-ún ni ẹ lè kọ sínú rẹ̀. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí JAMB ni pé kò sí "first choice" nínú márùn-ún náà. Ilé ìwé kọ̀ọ̀kan kò mọ ibòmíràn tí ẹ kọ, àyàfi ìgbà tí ẹ bá ti fèsì fún gbogbo wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣègùn kò lè kọ ju mẹ́rin lọ fún un, ẹni tó bá sì kọ Oxford kò lè kọ Cambridge lọ́dún kan náà.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni fọ́ọ̀mù àwọn ilé ìwé méjèèjì yẹn ń parí, òun náà ni ti ìmọ̀ ìṣègùn, ti eyín àti ti ẹranko. Ti àwọn yòókù máa ń bọ́ sí oṣù kìíní. Fún àwọn tó ń wọlé ní 2026, ọjọ́ 14 ni. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Lóṣù kẹwàá, agogo wọn àti tiwa ń lọ pọ̀ ni. Tó bá di oṣù kìíní, mẹ́fà wọn ti di méje tiwa. Àjèjì tó bá pẹ́ ju ìyẹn lọ ṣì lè kọ títí di ìparí oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n àyè tó bá ṣẹ́ kù ni yóò máa wá.

Lẹ́tà ọmọ nípa ara rẹ̀ ni ìjàkadì tó kàn. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń lọ sí ilé ìwé márààrún, ìdí nìyẹn tí a kì í fi kọ òfin síbì kan kí a tún kọ nọ́ọ̀sì síbòmíràn. Láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wọlé ní 2026 ni wọ́n ti pín in sí ìbéèrè mẹ́ta: kí ló mú ọ fẹ́ ka iṣẹ́ yìí, báwo ni ìwé tí o ti kà ṣe múra ọ sílẹ̀ fún un, kí ni o sì ti ṣe lẹ́yìn ilé ìwé tó ràn ọ́ lọ́wọ́. Lẹ́tà A, B, D àti àlàfo àárín wọn lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 4,000 lọ, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 350.

Nínú mẹ́wàá tí mo bá kà, mẹ́jọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "láti kékeré ni mo ti nífẹ̀ẹ́ sí". Ẹ pa á rẹ́. Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ka iṣẹ́ apòògùn mú irú rẹ̀ wá bá mi. Mo bi í ní ibi tó máa ń jókòó sí tí ilé ìwé bá parí. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ìyá òun ni. Kí lo máa ń rí níbẹ̀? Ó ní àwọn èèyàn ń ra oògùn ibà láìṣe àyẹ̀wò, pé wọ́n á lo méjì, wọ́n á fi ìyókù pa mọ́ de ọjọ́ mìíràn, ó sì ti ń bi ara rẹ̀ bóyá ìdí nìyẹn tí oògùn kan kì í fi í ran wọ́n mọ́. Mo ní, ìyẹn ni kó o kọ. Ẹ má sì ra lẹ́tà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. UCAS ní ẹ̀rọ tó ń fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wé gbogbo èyí tó ti wà lọ́wọ́ wọn, tó bá sì jọ ti ẹlòmíràn, wọ́n á sọ fún yunifásítì.

Olùkọ́ náà ní ìwé tirẹ̀ láti kọ nípa ọmọ. Ẹni tó kọ́ ọ níwèé ni kó kọ ọ́, mọ̀lẹ́bí kò gbọ́dọ̀ dá a láṣà. Ibí ni nǹkan kan ti máa ń rú àwọn olùkọ́ tiwa lójú. Tí ọmọ kò bá tíì ṣe ìdánwò rẹ̀, àwọn òyìnbó máa ń ní kí olùkọ́ sọ máàkì tó rò pé ọmọ náà máa gbà. Olùkọ́ wa á ní òun kì í ṣe aríran. Kì í ṣe ìran ni wọ́n ń béèrè, iṣẹ́ ọmọ nínú kíláàsì àti ìdánwò ilé ìwé ni kó wò kó fi sọ ọ́.

Orí máàkì yẹn ni yunifásítì máa ń dúró lé fèsì, èsì náà sì máa ń ní "bí" nínú: a gbà ọ́ bí o bá gba B nínú eléyìí, C nínú tọ̀hún. Ẹ má tíì pe ẹbí jọ nítorí ìyẹn. Àfi tí máàkì náà bá jáde tó sì pé ni ọ̀rọ̀ tó délẹ̀. Tí ilé ìwé mélòó kan bá gbà á, méjì ni ọmọ yóò mú: èyí tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, àti èyí tí máàkì rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ tí yóò fi ṣe ìdúródè. Ẹni tí kò bá rí ọ̀kankan wọ̀ á bọ́ sínú Clearing láti oṣù keje, níbi tí àwọn ilé ìwé ti ń fi àyè tó ṣẹ́ kù síta. Fún ọmọ tó wà ní Nàìjíríà, Clearing kì í fi bẹ́ẹ̀ rọrùn. Oṣù kẹjọ ni èsì WAEC sábà máa ń jáde, oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ń wọlé lọ́hùn-ún, físà sì wà láàárín.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí owó, torí ibẹ̀ ni mo ti rí ẹni tó sunkún.

Oríṣi owó ilé ìwé méjì ló wà, ti ọmọ ilé àti ti àjèjì. Ní England, òfin ti de ti ọmọ ilé. Fún 2025/26, kò gbọ́dọ̀ ju £9,535 lọ lọ́dún. Ti àjèjì kò ní ìdè. £15,000 sí £30,000 lọ́dún wọ́pọ̀, ti ìmọ̀ ìṣègùn máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òbí tó mọ̀ pé àjèjì ni ọmọ òun á ti múra sílẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá lójijì ni ẹni tí ọmọ rẹ̀ ní pásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba.

Ẹ wo ọmọ kan tí wọ́n bí ní Woolwich, tí àwọn òbí rẹ̀ ti ní ìwé ìgbélùú nígbà náà. Ó pé ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ́n kó padà sí Abẹ́òkúta. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń sọ fún un pé tirẹ̀ ti dára, ọmọ Ìlú Ọba ni, owó táṣẹ́rẹ́ ni yóò san, ìjọba á sì yá a. Ó pé ọdún 18, yunifásítì gbà á, wọ́n fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sí i pé kó sọ ibi tó ti ń gbé. Ó dá a padà, èsì dé: owó àjèjì.

Wọn kò ṣàṣìṣe. Òfin kò dúró lórí pásípọ́ọ̀tù nìkan. Ó ń béèrè ibi tí ọmọ fi ṣe ibùgbé fún ọdún mẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, Abẹ́òkúta kò sì sí ní Ìlú Ọba. Ohun tí pásípọ́ọ̀tù ṣe fún un ni pé kò nílò físà, ó sì lè ṣiṣẹ́ iye wákàtí tó bá wù ú. Ti owó ilé ìwé yàtọ̀. Owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́ náà, ọdún mẹ́ta yìí kan náà ni wọ́n ń wò.

Àwọn tó ti gbọ́ èyí máa ń sáré fi ọmọ ránṣẹ́ sí àbúrò wọn ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó bá pé ọdún 14 tàbí 15, kí ọdún mẹ́ta lè pé. Ó lè yọrí sí rere, ṣùgbọ́n ìdè kan wà nínú òfin náà: kò gbọ́dọ̀ jẹ́ pé torí ìwé kíkà ni ọmọ ṣe ń gbé níbẹ̀ ní pàtàkì. Ọmọ tí wọ́n fi sí ilé ìwé tí wọ́n ń gbé nínú rẹ̀, tó ń padà sí Nàìjíríà ní gbogbo ọlidé, tí òbí rẹ̀ méjèèjì sì wà nílé, ìdáhùn rẹ̀ kò ní í rọrùn. Bákan náà, tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ìgbà díẹ̀ ló gbé òbí kúrò ní Ìlú Ọba, tí wọ́n sì ní ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀, yunifásítì lè kà á sí pé ọmọ náà kò kúrò. UKCISA, àjọ tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì nímọ̀ràn ní Ìlú Ọba, kọ àlàyé òfin yìí ní kíkún sórí íkànnì wọn, ẹ kà á kí ẹ tó san owó fún lọ́yà.

Ti ìrànlọ́wọ́ owó, mi ò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Chevening tí gbogbo ènìyàn ń pariwo, àwọn tó ti gboyè tó fẹ́ lọ ka másítà ló wà fún. Fún oyè àkọ́kọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ń ṣe ni kí wọ́n yọ díẹ̀ kúrò nínú owó àjèjì.

Tí ọmọ bá ti pé gbogbo "bí" inú èsì rẹ̀, tó sì san àsansílẹ̀, yunifásítì á fún un ní nọ́ḿbà CAS, òun ni yóò fi tọrọ físà. Wọ́n á ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn tí ìjọba wọn fọwọ́ sí. Wọ́n á gba owó ìtọ́jú ìlera, £776 fún ọdún kọ̀ọ̀kan, gbogbo ọdún tí físà yóò lò sì ni wọ́n ń gbà pa pọ̀, kì í ṣe díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀rí owó ló kù. Ìyókù owó ilé ìwé ọdún kìíní gbọ́dọ̀ wà ní báǹkì pẹ̀lú owó oúnjẹ àti ilé fún oṣù mẹ́sàn-án. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, £1,529 lóṣù ni wọ́n ń kà fún Lọ́ńdọ̀nù, £1,171 fún ibòmíràn. Ẹni tó ń lọ Lọ́ńdọ̀nù gbọ́dọ̀ ní £13,761 lẹ́yìn owó ilé ìwé. Ọjọ́ 28 ni owó náà gbọ́dọ̀ fi jókòó láìdín ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ náírà ni, iye pàṣípààrọ̀ ọjọ́ tí ẹ tọrọ físà ni wọn yóò fi ṣírò ó, nítorí náà ẹ fi àlékún sí i. Mo mọ ẹnì kan tí owó rẹ̀ pé géérégé lọ́jọ́ Ajé, tí náírà sì já a kulẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Àkáǹtì ta ni? Ti ọmọ, tàbí ti bàbá tàbí ìyá tó bí i, pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí àti lẹ́tà tó fi hàn pé wọ́n yọ̀ǹda. Ẹ̀gbọ́n ìyá kò wọ̀ ọ́, àyàfi tó bá jẹ́ alágbàtọ́ ọmọ lábẹ́ òfin. Lójú tiwa, ẹ̀gbọ́n ìyá ni ìyá, òun náà ló sì ti ń san owó ilé ìwé ọmọ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lójú ará físà, àjèjì ni. Kí ẹ̀gbọ́n ìyá fi owó náà sínú àkáǹtì ọmọ tàbí ti ìyá rẹ̀, kí ọjọ́ 28 wá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí owó dé ibẹ̀. Ẹni tó bá sì lọ ṣe ayédèrú ìwé báǹkì, ìyà rẹ̀ kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀ nìkan. Wọ́n lè fi ọdún mẹ́wàá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹ́jẹ́ǹtì wúlò fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò là sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé yunifásítì ló ń san owó fún wọn lórí orí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, ìdí nìyẹn tí ilé ìwé tí wọ́n ń polówó fún yín kì í fi í ju mẹ́rin márùn-ún kan náà lọ. Ímeèlì ọmọ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣí UCAS, kì í ṣe ti ẹ́jẹ́ǹtì. Mo ti rí ọmọ tí ilé ìwé gbà lóṣù kejì tí kò mọ̀ títí di oṣù karùn-ún.

Kí ẹ tó ṣí i rárá, ẹ kó èsì WAEC, pásípọ́ọ̀tù àti ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ sórí tábìlì kan. Ṣé Oluwaseun ló wà lórí méjì, tí Seun wà lórí ẹ̀kẹta? Ṣé orúkọ bàbá àgbà ló ṣáájú níhìn-ín, tó tún kẹ́yìn lọ́hùn-ún? Àtúnṣe ọ̀dọ̀ WAEC lè gba oṣù mélòó kan. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.